Ìlà Ọwọ́ Òsì Kì í Ṣe Ibùjókòó

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń ná ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ni a gbà pé eré àsápajúdé nìkan ni ó ń pa ènìyàn lójú pópó, nítorí náà ọ̀rọ̀ tí a máa ń bá dírẹ́bà sọ kò ju pé kí ó rọra lọ. N kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn, nítorí eré ń pa ènìyàn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa awakọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kì í bá wí, tí àwọn èrò inú ọkọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ máa ń yìn ní ẹni jẹ́jẹ́. Òun ni ẹni tí ó gbé eré 60 tàbí 70 kìlómítà ní wákàtí kan jókòó sí ìlà ọwọ́ òsì, tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣófo gbàgede, tí ọkọ̀ rẹpẹtẹ tò sẹ́yìn rẹ̀, tí kò sì mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀.

Òfin ibẹ̀ kò díjú. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti fi wíwa ọkọ̀ ní apá òsì, èyí tí a jogún lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, sílẹ̀, tí a sì bọ́ sí apá ọ̀tún gẹ́gẹ́ bí àwọn orílẹ̀-èdè tí a jọ pààlà ti ń ṣe. Láti ìgbà náà, ọwọ́ ọ̀tún ni ibùgbé ọkọ̀, ọwọ́ òsì sì ni à ń gbà kọjá ẹni tí ó wà níwájú wa. Bí a bá ti kọjá tán, tí a wo dígí, tí a sì rí gbogbo iwájú ọkọ̀ tí a fi sẹ́yìn náà, a ó padà sí ọ̀tún. Ọkọ̀ olówó ńlá kò ní ìpín pàtàkì ní òsì, ọkọ̀ ìjọba kò ní, ẹni tí ó ń kánjú pàápàá kò ní. Ẹni tí ó ń kọjá lọ́wọ́ ni ó ni ín, kò sì ní in ju ìwọ̀nba ìgbà tí ó bá fi ń kọjá lọ.

Ìdí tí ọ̀nà márosẹ̀ kò fi lè ṣe láìní irú ìlà bẹ́ẹ̀ wà nínú òfin ìrìnnà tiwa fúnra rẹ̀. Lórí ọ̀nà márosẹ̀, òfin gba ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láyè láti sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan, ó fún takisí àti bọ́ọ̀sì ní 90, ó sì ní kí tírélà àti táńkà má kọjá 60. Ìjọba ni ó ti pín wa sí ọ̀nà mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó ṣáná sí ọkọ̀. Bí gbogbo awakọ̀ bá tilẹ̀ di ẹni mímọ́ lọ́la, tí kò sí ẹyọ ẹnì kan tí ó rú òfin láti Ọjọ́ta títí dé Ìwó Róòdù, ọkọ̀ kan yóò ṣì máa bá òmíràn lọ́nà ní gbogbo ìgbà, yóò sì nílò ibi tí yóò gbà kọjá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá dí ibẹ̀ ń dí àwọn tí ń pa òfin mọ́ lọ́wọ́, kì í ṣe àwọn asárépajúdé nìkan.

Ẹ jẹ́ kí a mú tírélà gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wàhálà náà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Tírélà kan ń sá 55 kìlómítà ní wákàtí kan ní ọwọ́ ọ̀tún. Òmíràn tí ó ń sá 60 bá a lẹ́yìn, ó ní òun yóò kọjá. Kìlómítà márùn-ún tí ó fi jù ú lọ yìí kò tó mítà kan àbọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá ka gígùn ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sí mítà 16, tí a fi àlàfo mítà 30 sílẹ̀ nígbà tí ó ń bọ́ sí òsì, tí a sì tún fi mítà 30 sílẹ̀ kí ó tó padà sí ọ̀tún, mítà 92 ni ó gbọ́dọ̀ jèrè lórí ẹnìkejì rẹ̀. Ìyẹn yóò gbà á ní ìṣẹ́jú kan ó lé díẹ̀, yóò sì ti rin ohun tí ó lé ní kìlómítà kan ní ọwọ́ òsì kí ó tó parí, tí àwọn tí òfin fún ní 100 yóò máa wọ́ tẹ̀lé e ní 60. Orí ilẹ̀ tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ ni mo ṣírò o. Bí òkè bá wà níbẹ̀, tí ẹrù sì wúwo, àwọn méjèèjì yóò kàn máa lọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí ọkọ àti ìyàwó tuntun tí ń jáde bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ní Jámánì, ilé ẹjọ́ kan ní ìlú Hamm gbé irú ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò ní ọdún 2008, ó sì fi lélẹ̀ pé kíkọjá tí ọkọ̀ akẹ́rù kan ń kọjá òmíràn kò yẹ kí ó ju ìṣẹ́jú àáyá 45 lọ. N kò retí kí àwọn dírẹ́bà tírélà wa máa ka àáyá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti mọ̀ pé ẹrù tí òun gbé kò ní jẹ́ kí òun tètè kọjá, ọ̀tún ni ó yẹ kí ó fọwọ́ mú.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹni tí ó jókòó sí òsì ni kò hàn sí i, òun sì ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ wò. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí a ti kọjá Ṣàgámù tí a kọjú sí Ìbàdàn, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́ kan wà níwájú ní òsì tí eré rẹ̀ kò lè ju 65 lọ. Ọkọ̀ Sienna kan tí ó kún fún èrò wà lẹ́yìn rẹ̀, àwa sì wà lẹ́yìn Sienna. Dírẹ́bà Sienna tan iná ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò sí ìdáhùn. Ó fọn fèrè, kò sí ìdáhùn. Ó wá ya sí ọ̀tún, níbi tí tírélà kan wà lọ́ọ̀ọ́kán tí ń rọra gun òkè, ó ní kí òun gba àárín àwọn méjèèjì yọ sí iwájú. Ó ku díẹ̀ kí ó jáde ni àánú ṣe ẹni tí ó wà ní òsì, tí ó sì pinnu láti padà sí ọ̀tún, láìtan iná ìyànà, láìwo ibì kankan. Sienna kò ní ibi tí yóò yà sí mọ́ àfi ẹ̀bá ọ̀nà. Eruku pupa bo gbogbo wa. Nígbà tí eruku náà rọlẹ̀ díẹ̀, a rí i pé táńkà kan ti kú sí ẹ̀bá ọ̀nà yẹn níwájú, ewé tútù ni wọ́n sì já lé ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ dípò onígun mẹ́ta pupa tí òfin ní kí ó gbé síbẹ̀. Sienna tẹ búrékì títí ó fi dúró, ẹnu ọkọ̀ náà wà lórí ewé. Nígbà tí àwa náà wá kọjá lára ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ yẹn, mo bojú wo inú rẹ̀. Bàbá kan ni, ó fi ọwọ́ méjèèjì di sítíárín mú gírígírí, dígí àárín ọkọ̀ rẹ̀ dojú kọ òrùlé, èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ti fọ́ ku ike dúdú rẹ̀. Ojú rẹ̀ balẹ̀. Lójú tirẹ̀, kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ rárá.

Bí a bá dá ènìyàn sílẹ̀ láti dá ẹjọ́ yìí, ẹni tí ó wa Sienna ni wọn yóò dá lẹ́bi, wọn kò sì ní jẹ̀bi, nítorí ẹni tí ó bá gba ọ̀tún kọjá ti gba ibi tí kò yẹ. Dígí ọ̀tún kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ hàn, ó sì jẹ́ pé ọ̀tún ni gbogbo ọkọ̀ tí ó bá fẹ́ dúró, tí ó bá bàjẹ́, tí ó bá fẹ́ já èrò, tàbí tí ó bá fẹ́ yà kúrò lójú ọ̀nà yóò forí lé. Síbẹ̀, ta ni ó tì í síbẹ̀? Ẹni tí ó ti òsì pa ni ó sọ ọ̀tún di ọ̀nà àbùjá, ó sì sọ àwọn ènìyàn tí kì bá ti dán irú rẹ̀ wò di oníjàgídíjàgan. Kò sì sí ẹni tí eré rẹ̀ kọjá ti òfin nínú gbogbo ohun tí mo ròyìn yìí.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá jókòó sí òsì ni ó ń sùn. Nígbà tí iṣẹ́ àtúnṣe ṣì ń lọ lójú ọ̀nà náà, mo jókòó síwájú nínú bọ́ọ̀sì kan tí ó gbé wa láti Ọjọ́ta, mo sì ṣàkíyèsí pé dírẹ́bà wa kò kúrò ní òsì láti ìgbà tí a ti kọjá Bẹ́gà. Mo jù ú lọ dáadáa ní ọjọ́ orí. Mo ní, “Ọ̀gá dírẹ́bà, ẹ ò ṣe bọ́ sí ọ̀tún kí àwọn tó ń fọn fèrè lẹ́yìn yìí rí ọ̀nà kọjá?”

Kò bínú. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà wo ọ̀tún yẹn dáadáa. Ṣọ́ọ̀kì méjì ni mo pààrọ̀ lóṣù tó kọjá, owó àpò mi ni mo fi rà á, ọlọ́kọ̀ ò dá kọ́bọ̀ sí i. Tí mo bá bọ́ sí ọ̀tún, kòtò ni. Tí kì í bá ṣe kòtò, tírélà tó kú sójú ọ̀nà ni. Tí kì í bá ṣe tírélà, ọlọ́kadà tó ń wá pàdé mi ní wọ́nwéè ni. Òsì nìkan ni mo ti mọ ohun tí mo máa bá.” Ó fi họ́ọ̀nù dá ẹni tí ó wà lẹ́yìn lóhùn, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Àwíjàre rẹ̀ wọ̀ mí létí, mo sì rò ó títí. Òótọ́ ni pé ọ̀tún ni ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà, ọkọ̀ akẹ́rù tí a di ẹrù lé ju agbára rẹ̀ lọ sì ni ó ń tẹ ọ̀dà ojú ọ̀nà mọ́lẹ̀ títí yóò fi lu, tí omi yóò dúró síbẹ̀, tí ibẹ̀ yóò sì di kòtò. Òsì kì í rí irú ìyà bẹ́ẹ̀, ó sì ń jọ̀lọ̀. Òótọ́ tún ni pé ní Ìbàfọ̀ àti Mowé, ẹ̀bá ọ̀tún ti di ọjà àti ibùdókọ̀: dánfó ń dúró lójijì láti já èrò, àwọn ọmọ tí ń ta omi inú ọ̀rá àti gààrí Ìjẹ̀bú ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀, ẹni tí ó fẹ́ kọjá títì sì dúró sí etí ibẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ní Ògèrè, tírélà tí wọ́n ń gúnlẹ̀ síbẹ̀ máa ń tò wọ ojú ọ̀nà. Awakọ̀ tí ó bá yẹra fún gbogbo ìwọ̀nyí kò ya aláìmọ̀kan. Ọ̀nà fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ ọ pé òsì ni ààbò wà, ọ̀nà náà sì ti wà láti ọdún 1978, kìlómítà 127.6 gbáko, nítorí náà ìran awakọ̀ tí ó ti kọ́ nínú rẹ̀ kò kéré.

Ibi tí èmi àti dírẹ́bà yẹn ti pínyà ni pé ọ̀pọ̀ ibi lójú ọ̀nà náà kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Láti ọdún 2013 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ńlá lórí rẹ̀, láti Èkó dé Ṣàgámù tí ó jẹ́ kìlómítà 43.6, àti láti Ṣàgámù dé Ìbàdàn tí ó jẹ́ 84. Iṣẹ́ náà gba ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì gba sùúrù àwa tí a ń gba ibẹ̀ pẹ̀lú. Ní báyìí, ibi púpọ̀ wà tí ọ̀tún jọ̀lọ̀ bí òsì, tí ènìyàn lè rin kìlómítà mẹ́ta sí mẹ́rin láìrí kòtò kan, síbẹ̀ òsì ni wọ́n ṣì jókòó sí. Kòtò ti lọ, ìbẹ̀rù kòtò kò lọ. Àwọn tí kò tilẹ̀ tíì máa wa ọkọ̀ nígbà tí ọ̀nà bàjẹ́ ti kọ́ ọ lára àwọn tí ó wà á nígbà náà.

Ẹ̀yà kan tún wà tí n kò ní àánú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òun ni ẹni tí a bá sọ fún pé kí ó yà, tí yóò ní, “Ọgọ́rùn-ún ni mò ń sá, ọgọ́rùn-ún ni òfin sọ, ẹni tí ó bá fẹ́ kọjá mi, arúfin ni.” Ó ti fi ara rẹ̀ jẹ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó láìwọ aṣọ iṣẹ́. Lákọ̀ọ́kọ́, ọgọ́rùn-ún tí ó rí níwájú rẹ̀ lè má jẹ́ ọgọ́rùn-ún, nítorí àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ máa ń jẹ́ kí aago eré sọ iye tí ó ga díẹ̀ ju eré gidi lọ, kí ó má baà sọ èyí tí ó kéré, nítorí òfin ìlú Òyìnbó kò gba ìyẹn. Èkejì, kò mọ ohun tí ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbé: ó lè jẹ́ aboyún tí ń rọbí ni wọ́n ń gbé lọ sí ọsibítù ńlá ní Ìbàdàn. Ẹ̀kẹta, tí ó ṣe pàtàkì jù lọ, ni pé bí ẹni tí ó wà lẹ́yìn bá jẹ́ arúfin lóòótọ́, iwájú ni ibi tí ó dára jù láti jẹ́ kí ó wà, kì í ṣe ní ìwọ̀n apá kan sí ìdí ọkọ̀ rẹ pẹ̀lú ìbínú. Ní Georgia, ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn Yorùbá pọ̀ sí ní agbègbè Atlanta, òfin kan ti wà láti ọdún 2014 pé ẹni tí ó wà ní ìlà ìkọjá gbọ́dọ̀ yà fún ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú eré tí ó ju tirẹ̀ lọ. Kò lè fi iye eré tí òfin gbà ṣe àwáwí. Ọlọ́pàá ni yóò bá asáré wí. Tìrẹ ni kí o yà.

Àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀n mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òdìkejì tiwa ni tiwọn: òsì ni ibùgbé ọkọ̀, ọ̀tún ni wọ́n ń gbà kọjá. Òfin 264 nínú ìwé ìlànà ìrìnnà wọn ní kí awakọ̀ wà ní ìlà òsì nígbàkigbà tí iwájú rẹ̀ bá mọ́. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2013, ọlọ́pàá lè bu owó ìtanràn pọ́n-ùn 100 àti àmì ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́ta lé ẹni tí ó bá jókòó sí ìlà àárín láìnídìí. Ọkọ̀ akẹ́rù tí ó bá wúwo ju tọ́ọ̀nù méje àbọ̀ lọ kò tilẹ̀ gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ìlà tí ó wà ní ìparí ọ̀tún bí ìlà bá ti tó mẹ́ta. Mo fẹ́ràn èyí ìkẹyìn yìí ju owó ìtanràn lọ. Ibi tí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn bá ti ní ìlà mẹ́ta, kí ni tírélà ń wá ní ìlà kẹta?

Àwọn àgbà ní ìrìn jìnnà là ń yọ́ rìn, kò sì sí ìgbà tí n kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ó bá ń fà lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ náà kò ní àbùkù. Ẹni tí ó bá fẹ́ sá 60 lórí ọ̀nà márosẹ̀ nítorí táyà rẹ̀ ti gbó, tàbí nítorí ojú rẹ̀ kò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́, tàbí nítorí pé bí ó ti wù ú nìyẹn, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i, mo sì gbóríyìn fún un. Ọ̀tún ni kí ó ti yọ́ rìn. Ẹni tí ó bá rọra ń lọ ní ọ̀tún kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kò sẹ́ni tí yóò fọn fèrè mọ́ ọn, yóò sì dé ilé ní àlàáfíà pẹ̀lú àwọn tí ó kọjá rẹ̀.

Mo ní láti fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ ṣọwọ́ sí àwọn tí ó wà lẹ́yìn pẹ̀lú, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, nítorí àwa náà kì í ṣe áńgẹ́lì. Títan iná gbọ̀ngbọ̀n sí ẹ̀yìn ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́ máa ń mú kí ẹ̀rù bà á, ẹni tí ẹ̀rù bá sì ń bà máa ń di ibi tí ó wà mú ni. Ẹ̀ẹ̀kan tó, kí a fi àlàfo sílẹ̀, kí a sì dúró. Bí kò bá yà, kí a máa tẹ̀lé e títí a ó fi rí ibi tí ọ̀tún mọ́ kedere lọ jìnnà. Ẹni tí ó sá 80 láti Èkó dé Ìbàdàn kò fi ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ pẹ́ ju ẹni tí ó sá 100 lọ, bí kò bá sí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, ta ni kò sì mọ̀ pé sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ wà níbẹ̀.

Láti ìgbà tí wọ́n ti dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, sílẹ̀ ní ọdún 1988, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, ìkìlọ̀ nípa eré àsápajúdé ni mo ti ń gbọ́ jù, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n fi kún un kò náni ní owó púpọ̀. Kí wọ́n gbé pátákó sí ẹ̀bá ọ̀nà lẹ́yìn Mowé àti lẹ́yìn Ṣàgámù, ní èdè Yorùbá pẹ̀lú, pé kí ẹni tí ó bá ti kọjá padà sí ọ̀tún. Kí wọ́n dá tírélà tí ó bá wà ní òsì dúró bí wọ́n ti ń dá ẹni tí kò de bẹ́líìtì dúró. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bu owó lé ẹnikẹ́ni, kí wọ́n kọ́kọ́ wọ́ ọkọ̀ tí ó ti kú kúrò ní ọ̀tún láàárín wákàtí tí ó bá kú, kí wọ́n lé ọlọ́kadà wọ́nwéè kúrò níbẹ̀, kí wọ́n sì ṣe ibùdókọ̀ gidi fún àwọn ará Ìbàfọ̀ àti Mowé, kí ẹni tí wọ́n bá ní kí ó padà sí ọ̀tún lè rí ọ̀tún padà sí.